Bí Reading IELTS bá ń dá ọ dúró sí 6

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o béèrè. O ní nọ́ọ̀sì ni ọ́ níbí ní Òṣogbo, nínú IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, Listening (gbígbọ́) àti Speaking (sísọ) rẹ ti dáa, ṣùgbọ́n Reading (kíkà) kò kúrò lójú 6, bẹ́ẹ̀ 7 ni NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, ń béèrè fún un. O wá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé kíákíá. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá, mo sì ti jókòó ti àwọn kan tó ń múra lẹ́yìn tèmi. Nínú gbogbo wa, n kò rí ẹni tí eré sísá gbà là. Ohun tó ń jẹ máàkì jù ni kí èèyàn máa fi ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ dáhùn, kó pa ohun tó wà nínú àyọkà tì.

Jẹ́ kí n fi ilé wa ṣàpẹẹrẹ. Ká ní àyọkà sọ pé Igbó Ọ̀ṣun wà létí ìlú Òṣogbo. Pé UNESCO fi í kún àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Pé Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Austria, bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú ṣe ọ̀pọ̀ ère inú rẹ̀. Ó tán. Ìbéèrè wá gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta kalẹ̀, kó o kọ True bí àyọkà bá sọ bẹ́ẹ̀, False bó bá ta kò ó, Not Given bí kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èkíní ní igbó náà ti wọ àjogúnbá àgbáyé kó tó di 2000: False, 2005 wà níbẹ̀ gbangba. Èkejì ní Wenger nìkan ló dá ṣe gbogbo ère náà: False ni, nítorí àyọkà ní ó bá àwọn ará ìlú ṣe é ni. Ẹ̀kẹta ní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣe ọdún Ọ̀ṣun. Háà! Ọmọ Òṣogbo wo ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kó o tó mí, ọwọ́ rẹ á ti kọ True. Not Given ni. Àyọkà kò dárúkọ oṣù kankan.

Bó ṣe ń rí náà nìyẹn bí àyọkà bá dá lórí oorun, ibà tàbí oúnjẹ ọmọdé. Nọ́ọ̀sì a máa tètè ṣìnà níbẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Nítorí náà, kó o tó kọ False, fi ìka tọ́ gbólóhùn tó ta kò ó. Bí ìka rẹ kò bá ríbi dúró sí, Not Given ni. Má sì torí ẹ̀ wá a kiri títí. Àwọn ìbéèrè irú èyí máa ń tẹ̀lé bí àyọkà ṣe tò. Bó o bá ti rí ibi tí ìdáhùn kẹrin wà àti ti ẹ̀kẹfà, àárín wọn ni ìkarùn-ún wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, kọjá.

Nílé, àyọkà kan lóòjọ́ ti tó. Èmi máa ń ka tèmi ní kùtù, kí ariwo jẹnẹrétọ̀ tó gba Òkè-Fìà kan. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó o bá ti máàkì rẹ̀ tán niṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mú gbogbo èyí tó o kùnà, wá ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ wà, kí o kọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè àti ọ̀rọ̀ àyọkà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn sínú ìwé kan. Ìbéèrè á kọ "cheap", àyọkà á kọ "affordable". Ìwé yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo fídíò tí mo fi data wò lọ.

Ti àkókò: 60 ìṣẹ́jú, àyọkà mẹ́ta, ìbéèrè 40. Bó bá jẹ́ orí bébà lo ti ń ṣe é, wọn kì í fún ọ ní àfikún ìṣẹ́jú láti da ìdáhùn kọ bíi ti Listening, torí náà tààrà sórí ìwé ìdáhùn ni kó o máa kọ ọ́. Ẹ̀kẹta ló sábà máa ń le jù. Fi 20 ìṣẹ́jú pa mọ́ dè é, ó kéré tán. Bí wọ́n bá ní kí ìdáhùn má ju ọ̀rọ̀ méjì lọ, tó o kọ mẹ́ta, o ti pàdánù ẹ̀. Wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe, nítorí náà má fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Lórí Academic, irú IELTS tí NMC ń gbà, nǹkan bí 30 nínú 40 ló ń gbé èèyàn dé 7. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì sanwó ìdánwò mìíràn. Dúró títí wàá fi máa gba 32 tàbí 33 lemọ́lemọ́ nílé, pẹ̀lú aago níwájú rẹ, nínú àyọkà tó o kò kà rí.