Oúnjẹ Inú Iṣan: Báwo Ni Ọkọ Mi Ṣe Lè Rí Oorun Sùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí ọkọ mi ti ń gba oúnjẹ olómi láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nílé, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tó gé ìfun wọn kúrú. Wákàtí 12 ni pọ́ǹpù fi ń ṣiṣẹ́, láti aago 9 alẹ́. Wọ́n ń dìde tọ̀ tó ìgbà márùn-ún lóru, wọn ò sì fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jókòó mọ́. Ṣé a lè mú kí pọ́ǹpù náà yára sí i?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ ara yín yára pọ́ǹpù. Ṣúgà pọ̀ nínú àpò oúnjẹ yẹn. Bó bá ya wọ ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti òùngbẹ á tún le sí i. Dókítà ló lè dín wákàtí kù.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ẹ lè so ó ní aago 6 ìrọ̀lẹ́. Àpò kan lè gba lítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, omi yẹn ló ń jí wọn. Tó bá fi máa di aago 11, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé dé ìdajì, aago 6 àárọ̀ ni wọ́n á sì bọ́. Pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì tó ń wọnú àpò àgbékọ́yìn tún wà: wọ́n lè gbé e jókòó ti ẹbí, kódà kí wọ́n bá a jáde.

Ẹ gbé àpò kúrò nínú fíríìjì ní wákàtí kan sí méjì ṣáájú. Ẹ má fi omi gbígbóná yọ́ ọ. Ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀: bí òróró inú rẹ̀ bá ti léfòó sókè bí ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹ má lò ó. Ẹ má sì já pọ́ǹpù lójijì láàárọ̀. Ó yẹ kó rọra dínkù ní bíi wákàtí kan tó gbẹ̀yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ṣúgà ara lè já wálẹ̀, kí òógùn bò wọ́n, kí ọwọ́ wọn máa gbọ̀n.

Ẹnu rọ́bà tó wọnú iṣan wọn, níbi tí ẹ ti ń so àpò, ló ń bà wá lẹ́rù jù. Ẹ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ fi òwú sípíríìtì fi agbára nù ún fún ìṣẹ́jú àáyá 15 ó kéré tán, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ rárá. Bí òtútù bá mú wọn lẹ́yìn tí ẹ so àpò, tàbí ara wọn gbóná dé 38°C, ẹ pa pọ́ǹpù, ilé ìwòsàn yá lóru ọjọ́ náà. Kódà bí ara bá tutù padà, kòkòrò lè ṣì wà nínú rọ́bà, tó ń dúró de àpò mìíràn láti tì í wọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá ìfun tó kù lè jẹ́ kí wọ́n fi alẹ́ kan sinmi lọ́sẹ̀. Bí dókítà bá sì ti gbà kí wọ́n fẹnu kan oúnjẹ, ẹ bu díẹ̀ fún wọn nígbà tí ilé bá ń jẹun, ì báà ṣe ṣíbí mẹ́ta péré.