Èsì: Ṣé èdè tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́ lè padà wá?
Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Èdè tí kò lẹ́nu mọ́ lè padà dé ẹnu ọmọdé, bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ́ kù, tí èdè tó bá a tan sì wà.

Ẹ wo àwọn Wampanoag, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Massachusetts, ní Amẹ́ríkà. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò sọ èdè wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ odindi Bíbélì ní èdè náà ní 1663, àwọn baba ńlá wọn sì fọwọ́ ara wọn kọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀. Ní 1993, Jessie Little Doe Baird, ọmọ ìbílẹ̀ náà, dáwọ́ lé iṣẹ́ àtijí èdè náà padà. Ó wá fi èdè náà tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láti kékeré. Ibẹ̀ ló máa ń wọ̀ mí lára jù: èdè inú ìwé ilẹ̀ di èyí tí ìyá fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún!

Tiyín kò tíì le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìyá yín àgbà ṣì ń sọ ẹ̀ka èdè ilé yín. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù bí wọ́n bá ń dáná, kí ọmọ yín sì jókòó tì wọ́n, kó máa dá wọn lóhùn.