Lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ kò sọ oyin di oyin ọ̀pẹ

Ìbéèrè: Ẹ̀bá Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ti ń sin oyin. Ẹnìkan gbowó lọ́wọ́ mi, ó wo ẹrù lẹ́búlẹ́bú òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn kòkòrò oyin mi gbé sẹ́sẹ̀ wọlé, ó ní ti ọ̀pẹ ni, kí n kọ “Ojúlówó Oyin Ọ̀pẹ” sára ìgò. Ṣé kí n kọ ọ́? Báwo ni mo ṣe lè dá ti àwọn ewéko yòókù mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́dọ̀ mi, ó sì ń dùn mí pé àwọn kan ń gbowó lórí ohun tí wọn kò mọ̀. Bí ẹrù náà bá tilẹ̀ jẹ́ ti ọ̀pẹ lóòótọ́, kò fi ibi tí oyin yín ti wá hàn, nítorí pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kòkòrò oyin ń wá lọ sídìí òdòdó: omi dídùn tí yóò fi ṣe oyin, àti lẹ́búlẹ́bú tí wọn yóò fi bọ́ ọmọ. Òdòdó ọ̀pẹ kì í sun omi dídùn. Ìtànná akọ rẹ̀ a máa tú lẹ́búlẹ́bú jáde lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn kòkòrò náà a sì máa rọ́ lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ọmọ ni wọ́n lọ kó. (Ẹ má ka ẹmu mọ́ ọn, oje ara igi ni ẹmu, kì í ṣe omi òdòdó.)

Báwo ni lẹ́búlẹ́bú ọ̀pẹ ṣe wá ń dénú oyin? Díẹ̀ ń já bọ́ láti ara irun wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwa tí a ń yọ oyin ló ń kó púpọ̀ sí i, nítorí pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fún gbogbo afárá pọ̀ láì yọ ojú ihò tí wọ́n ti ki lẹ́búlẹ́bú sí kúrò. Ẹ gbé afárá sókè sí ìmọ́lẹ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá ti là kọjá, ẹ gé e sọ́tọ̀.

Àwọ̀ nìkan kò tó láti fi dá ewéko mọ̀, nítorí àìmọye ni lẹ́búlẹ́bú wọn jẹ́ ìyeyè. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ po oyin díẹ̀, a ó fi ẹ̀rọ fì í yípo kíkankíkan títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ yóò fi silẹ̀, a ó sì wo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lábẹ́ màíkírósíkóòpù, ẹ̀rọ tí ń mú kí ohun tíntìntín hàn ní ńlá. Ti ọ̀pẹ sábà máa ń ní igun mẹ́ta. Ti àgbàdo rí róbótó, ihò kan ṣoṣo ló ní. Ti igi irú so pọ̀ di ìdì. Lẹ́yìn náà ni a ó kà wọ́n. Nínú ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń lò, èyí tó bá ju ìdá 45 nínú 100 lọ ni a ń pè ní olórí, a sì máa ń yọ ti àwọn ewéko tí kò ní omi dídùn, bí ọ̀pẹ àti àgbàdo, kúrò nínú ìṣirò náà.

Èmi kò rí oyin yín, n kò sì lè fi àwòrán fóònù dá a mọ̀. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ní yunifásítì Adó-Èkìtì bóyá wọ́n lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì kó òdòdó kajú, máńgòrò àti gbogbo ohun tó ń tanná lágbègbè yín dání, kí wọ́n lè rí ohun tí wọn yóò fi wé e. Ní báyìí ná, “Oyin Ìkọ̀lé” àti oṣù tí ẹ yọ ọ́ ni kí ẹ kọ sára ìgò.