Èsì: Ṣé ìwé ẹgbẹ́ oníṣòwò Èkó lè dípò ìforúkọsílẹ̀ CAC?

Ẹ kú iṣẹ́. Rárá, kò lè dípò rẹ̀. Ti ìjọba àpapọ̀ ni CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ṣùgbọ́n LCCI, ìyẹn ẹgbẹ́ oníṣòwò àti iléeṣẹ́ nílùú Èkó, jẹ́ ti àwọn oníṣòwò fúnra wọn, ẹni tó bá wù ló sì ń wọ̀ ọ́.

Ní ti oníbàárà yín ní Jámánì tó ní kí ẹ fi ìwé-ẹ̀rí hàn pé Nàìjíríà ni òrí tí ẹ ń tà ti wá, ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn tó ń fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí tó kàn ń sọ ibi tí ọjà ti wá nìkan ni èyí o. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dínwó owó ibodè lábẹ́ ètò òwò láàárín orílẹ̀-èdè ni ó ń wá, fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ ni, nítorí náà ẹ bi í léèrè fọ́ọ̀mù tó fẹ́ gan-an kí ẹ tó náwó.

Ẹ tún béèrè bóyá ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ni LCCI. Rárá o. Ọdún 1888 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí Èkó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tó sì ku ọdún 26 kí Lugard tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó ṣe kókó jù, lójú tèmi, ni pé ó ń gbẹnu sọ fún oníṣòwò níwájú ìjọba lórí owó orí, èbúté àti iná mànàmáná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìpàtẹ Ọjà Àgbáyé ti Èkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n.