Ayamáṣe ni mo sanwó fún, ọbẹ̀ ata pupa ni wọ́n gbé wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà níbi iṣẹ́ ní Yábàá, mo fi fóònù ra oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni “ìrẹsì ọ̀fadà nínú ewé, pẹ̀lú ayamáṣe, ṣàkì, ẹran, pọ̀nmọ́ àti ẹyin”, ₦7,500. Ìgbà tí mo ṣí i, ìrẹsì funfun ni mo bá nínú ike, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata pupa àti pọ̀nmọ́ ẹyọ kan tí kò ju àtàǹpàkò mi lọ. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn kì í dá owó padà. Ṣé owó mi ti wọgbó nìyẹn? Ṣé mo sì lè kọ orúkọ wọn síta?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Owó yín kò tíì wọgbó, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ máa gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Bí ẹ bá ní oúnjẹ náà kò dùn, tàbí iyọ̀ ti pọ̀ jù, wọn á ní ẹnu yín ni kò mọ adùn, òfin ò sì ní bá yín dá sí i. Àmọ́ bí ẹ bá ní ohun tí wọ́n kọ kọ́ ni wọ́n gbé wá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ahọ́n nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ọdún 2018, sọ pé ohun tí èèyàn bá tìtorí àpèjúwe rà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe náà mu. Tí kò bá bá a mu, ẹ lè kọ̀ ọ́ kí ẹ gba owó yín. “A kì í dá owó padà” kò lè borí ìyẹn.

Ọ̀fadà kò ṣeé fi ìrẹsì mìíràn dípò kéèyàn má mọ̀: hóró rẹ̀ kúrú, ó ki, ilà pupa máa ń wà lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì ti kí yín kí ẹ tó tú ewé. Ata tí kò tíì pọ́n ni wọ́n fi ń se ayamáṣe, pẹ̀lú irú àti epo pupa tí wọ́n ti gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ọbẹ̀ ọ̀fadà kan wà tí wọ́n ń fi tàtàṣé sè, tó pupa dáadáa. Ká ní “ọbẹ̀ ọ̀fadà” ni wọ́n kọ, wọn ì bá ríbi sá sí. Ayamáṣe ni wọ́n kọ. Ti pọ̀nmọ́ tó kéré, ẹ má fi ṣáájú, wọn ò sọ bó ṣe máa tóbi tó. Ṣàkì, ẹran àti ẹyin tí ẹ ò rí rárá ni kí ẹ kà sí wọn lọ́rùn.

Ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí àpèjúwe náà wà, lónìí. Mo ti rí èyí tí wọ́n yí padà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ya oúnjẹ náà nínú ike, kí rìsíìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. (Bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀rọ̀ le díẹ̀. Ta ni yóò gbà pé ẹni tó lá abọ́ mọ́ tónítóní kọ oúnjẹ?) Ẹ má pariwo mọ́ ọmọ tó fi ọ̀kadà gbé e wá, kò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá. Ẹ wá kọ̀wé sí wọn báyìí: “Ọ̀fadà àti ayamáṣe pẹ̀lú ṣàkì, ẹran, pọ̀nmọ́ àti ẹyin ni mo rà ní ₦7,500. Ìrẹsì funfun, ọbẹ̀ ata pupa àti pọ̀nmọ́ kan ni ẹ gbé wá. Mi ò gbà á. Ẹ dá owó mi padà.” Ó tó. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, tàbí LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Ní ti kóòtù, owó ọkọ̀ nìkan á ju ₦7,500 lọ.

Ẹ lè kọ orúkọ wọn síta, kí ẹ fi àwòrán méjèèjì sí i, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ. Ẹ má kọ “olè ni wọ́n”, ẹ má kọ “májèlé ni wọ́n ń tà”. Ní 2023, obìnrin kan kọ èrò rẹ̀ nípa tòmátò alágolo sórí Facebook, ọlọ́pàá wá gbé e. Lójú tèmi, àṣejù ni, ṣùgbọ́n ó ṣẹlẹ̀. Tí wọ́n bá sì dá owó náà padà lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́, ẹ padà lọ kọ ìyẹn náà sábẹ́ rẹ̀.