Ọbẹ̀ Tó Ti Kan: Káún Kọ́, Iná Kọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìkẹ́rẹ́ la ń gbé. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń se ọbẹ̀ tí a ó jẹ títí di Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ṣọ́ọ̀bù ni mo ń wà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí ládùúgbò wa, nítorí náà orí sítóòfù ni ìkòkò ń gbé, mo sì máa ń gbé e kaná láàárọ̀ àti lálẹ́. Bó bá di Ọjọ́rú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi káún bíńtín sí i, kí n sè é dáadáa, pé kò sí kòkòrò tí iná ò lè pa. Ìṣẹ́jú mélòó gan-an ló yẹ kí n fi sè é? Ọkọ mi náà máa ń dé ní nǹkan bí aago 10 alẹ́, ṣíbí tó fi ń jẹun ló fi ń wá ẹran nínú ìkòkò. Ṣé ìyẹn náà léwu?

Ìdáhùn: Kò sí iye ìṣẹ́jú tí mo lè dá fún yín. Ọbẹ̀ tó bá ti kan, dídànù ló kù.

Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa dun ẹni tó ra ẹran lọ́jà Ọba lọ́sẹ̀ yìí. Ó ń dun èmi náà. Àmọ́ nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bi mí lẹ́nu iṣẹ́ wolé-wolé ní Adó yìí, kò sí èyí tí mo tíì gbọ́ tó o. Mo ti wọ ilé tí ọmọ mẹ́ta ti ń bì, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ìyá wọn ni pé, “Ṣebí mo sè é dáadáa, mà.” Kò purọ́, ó sè é. Ẹnì kankan kò sọ fún un rí pé ohun kan wà nínú ọbẹ̀ tí sísè kò ràn.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ màmá, mi ò sì ní kí ẹ lọ bá wọn jà. Iná ń pa kòkòrò àrùn. Ọbẹ̀ tó bá hó dáadáa láti ìsàlẹ̀ dé òkè, èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tó wà láàyè níbẹ̀ á kú. Ibẹ̀ ni òótọ́ yẹn parí sí. Kòkòrò ọ̀tọ̀, májèlé tí kòkòrò tú sínú ọbẹ̀ kó tó kú ọ̀tọ̀. Bí eku bá kó sínú àpò èlùbọ́ yín, tó jẹ níbẹ̀, tó tọ̀ síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, tí ẹ wá fi igi pa á, ṣé ẹ máa ro ọkà nínú èlùbọ́ náà nítorí pé eku ti kú?

Kòkòrò kan wà tí a ń pè ní Staphylococcus aureus. Kì í ṣe inú ṣáláńgá ló ń gbé o. Inú imú wa ni, àti awọ ara, àti ojú eéwo. Bí a bá kó ènìyàn 10 jọ, ó ṣeé ṣe kí a bá a nínú imú 3 nínú wọn, ara wọn á sì le koko. Ẹni bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ nu imú, ó fi ọwọ́ kan náà já ẹran wò nínú ìkòkò, ó dé ìkòkò padà. Ọbẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹran wà níbẹ̀, iyọ̀ kì í sì í dí kòkòrò yìí lọ́wọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i. Bó ṣe ń pọ̀ ló ń tú májèlé. Ilẹ̀ mọ́, ẹ gbé ọbẹ̀ kaná, kòkòrò kú. Májèlé kò kú, nítorí kò ní ẹ̀mí tí iná fẹ́ gbà. Ẹ lè fi ìṣẹ́jú 30 sè é, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 8. Àwọn àgbà ló ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Bí májèlé yìí ṣe rí nìyẹn: alẹ́ àná ni wọ́n pò ó, òwúrọ̀ yìí ló ń jóni níkùn.

Èkejì ni Bacillus cereus, tó wọ́pọ̀ nínú ìrẹsì. Ẹ mọ ohun tí ìgbín ń ṣe lẹ́ẹ̀rùn: yóò fà wọ inú ìkarahun rẹ̀, yóò fi nǹkan funfun dí ẹnu ọ̀nà pa, ẹ ó rò pé ó ti kú. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìgbín yọjú. Kòkòrò yìí náà ń di ara rẹ̀ mọ́ inú èèpo bẹ́ẹ̀. Spore là ń pe ohun tó dì sí yẹn. Omi híhó kì í sábà pa á. Ìrẹsì jinná, a fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì, ó ń tutù díẹ̀díẹ̀, spore là, kòkòrò jáde, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Májèlé rẹ̀ tó ń fa èébì, ooru 121°C fún wákàtí kan gbáko kò rí i gbé ṣe. Omi inú ìkòkò yín, nǹkan bí 100°C ló ti ń hó. Ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. Ẹ̀kẹta, Clostridium perfringens, ìkòkò ńlá ẹran ló fẹ́ràn, irú èyí tí a ń gbé kaná fún ìnáwó. Mi ò ní fà á gùn.

Wàyí o, káún. Ọ̀rọ̀ káún yìí ló ń bí mi nínú jù. Ohun tó ń mú ọbẹ̀ kan ni omi kíkan tí àwọn kòkòrò kan ń yọ jáde bí wọ́n ṣe ń jẹ ọbẹ̀ yín. Káún a máa pa kíkan yẹn, ahọ́n yín á sì sọ pé ọbẹ̀ ti dára. Kò dára. Kíkan yẹn ni ajá tó ń gbó pé olè ti wọlé. Ẹ fún ajá lóògùn oorun, olè ṣì wà nínú yàrá. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé ògì náà ń kan, a sì ń mu ún. Ògì, àwa la fi ọwọ́ ara wa rẹ ẹ́ kó lè kan, kíkan rẹ̀ sì ń lé púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò búburú sẹ́yìn. Ọbẹ̀ tí ẹran àti ẹja wà nínú rẹ̀, tó kan fúnra rẹ̀ lórí sítóòfù, ta ló mọ ẹni tó wà níbẹ̀?

Ohun tó tún wá le ni pé májèlé méjì tí mo kọ́kọ́ sọ yìí kì í kan, kì í rùn, kì í yí àwọ̀ ọbẹ̀ padà. Ọbẹ̀ lè máa ta sánsán kó wà níbẹ̀. Nítorí náà, pé ọbẹ̀ kò kan kò túmọ̀ sí pé ó mọ́. Àmọ́ bó bá ti kan, ẹ ti mọ̀ dájú pé ó ti pẹ́ jù níbi tí kò yẹ kó pẹ́ sí.

Ohùn kan tún ń kiri lórí WhatsApp, tí ọkùnrin kan ń sọ níbẹ̀ pé bí ẹ bá ju ègé èédú kan sínú ọbẹ̀ tó ń bàjẹ́, á fa gbogbo májèlé mu. Èédú tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà ṣe é, dókítà ló sì ń pàṣẹ ìgbà tí wọ́n máa lò ó. Èédú tí ẹ fi ń yan àgbàdo kọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohùn náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹnì kan á ní bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kò se ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà rí. Ìṣaasùn kékeré ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù lálẹ́ la fi ń jẹ ọkà lọ́jọ́ kejì, ó tán nìyẹn. Orí àrò tí ẹyin iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ ni ìṣaasùn náà sì ń sùn, kò ráyè tutù. Tiyín, orí sítóòfù tí ẹ ti pa ló ń sùn.

Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò ti ń gbilẹ̀. Ọbẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé ní Ìkógòsì, ibẹ̀ gan-an ni ara ti ń tù wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí oúnjẹ tó ti jinná má ṣe wà níta lásán ju wákàtí 2 lọ. Bí ẹ bá gbé tiyín kaná láago 6 àárọ̀, tí ẹ sì dé láti ṣọ́ọ̀bù láago 8 alẹ́, wákàtí 14 nìyẹn. Gbígbé tí ẹ ń gbé e kaná kọ́ ló burú, àlàfo àárín rẹ̀ ni.

Nítorí náà, ẹ dín ọbẹ̀ kù. Èyí tí ẹ máa jẹ lálẹ́ ni kí ẹ sè, bí iná kò bá sí. Mo mọ̀ pé ó máa ń rẹ èèyàn. Ẹ jẹ́ kí ohun tí kò fẹ́ fíríìjì wà nílé: ẹja gbígbẹ, edé, ẹ̀gúsí tí ẹ kò tíì lọ̀. Ẹ ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata bí ẹ bá ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ jinná. (Ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀pà tó bá ti bu, tó hu nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé, ẹ má jẹ ẹ́ o. Májèlé inú rẹ̀ náà kì í gbọ́ ti iná.) Bí ẹ bá sì ní fíríìjì tí iná rẹ̀ ń dúró, ẹ má gbé odindi ìkòkò gbígbóná sínú rẹ̀, àárín rẹ̀ lè máa gbóná fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ bù ú sínú abọ́ kéékèèké, ẹ gbé abọ́ sínú omi tútù, ẹ máa rò ó títí á fi tutù, kó wọ fíríìjì kí wákàtí 2 tó pé. Ọjọ́ 3 sí 4 ni kó lò níbẹ̀. Abọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ nìkan ni kí ẹ gbé kaná, kó hó, kì í ṣe kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Fíríìjì tí a kò ṣí lè di òtútù mú fún bíi wákàtí 4 lẹ́yìn tí iná bá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Ní ti ọkọ yín: bẹ́ẹ̀ ni, ṣíbí yẹn léwu. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń lọ sínú ìkòkò, gbogbo ilé ló sì ń jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ẹ̀yin lẹ ń se ọbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń gbé e kaná láàárọ̀, ẹ̀yin náà lẹ ń gbé e kaná lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti fi ọjọ́ gbogbo dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pọ̀ jù fún ẹnì kan, ibi tí iṣẹ́ bá sì ti pọ̀ jù ni ọbẹ̀ ti ń bàjẹ́. Ẹ pín in. Ẹni tó bá jẹun kẹ́yìn ni kó tọ́jú ọbẹ̀: kó fi ìpọnbẹ̀ mímọ́ bu tirẹ̀, kó bu èyí tó kù sí abọ́ tó mọ́, kó bò ó, kó sì fọ àwo tó fi jẹun. Ọkùnrin Èkìtì tó lè di ọmọ odó mú kó gún iyán kó fẹ́lẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lè gbé ìpọnbẹ̀. Bí ó bá ṣòro fún yín láti sọ, ẹ fi ìwé yìí hàn án, kó bá èmi wí.

Bí ẹnì kan bá ti jẹ irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó ń bì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi mílíìkì ṣe oògùn. Epo kì í pa májèlé, ó sì lè gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó ń bì. Omi ni ara rẹ̀ ń pàdánù. Ẹ fún un ní ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀. Bí kò bá sí, lítà 1 omi tó mọ́, ṣúgà ṣíbí 6, iyọ̀ ìlàjì ṣíbí. Ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì, kí orí rẹ̀ tẹ́jú. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ lé sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni kó máa mu ún. Wolé-wolé ni mí, n kì í ṣe dókítà, n kò sì rí aláìsàn yín. Ọmọ ọwọ́, aláboyún, arúgbó, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ jìn, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tí omi kò dúró níkùn rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ìkòkò tó wà lórí sítóòfù yín bí ẹ ṣe ń ka èyí, bó bá jẹ́ ti Sátidé, tó sì ti ń kan, ẹ gbẹ́ ihò sẹ́yìnkùlé, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó. Ẹ má dà á fún ajá. Ẹ má sì bù ú fún ọmọ tó ń bá yín dúró ní ṣọ́ọ̀bù.