Iná Ìkẹjà ní Sàkétẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Sàkétẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin ni mo ti ń ránṣọ. Nàìjíríà la ti ń ra lára iná wa. Kí ni WAPP, ẹgbẹ́ tó ń so iná àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀, tún ń fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ní Calavi, nítòsí Kútọnu? Ṣé wáyà kò tó ni?

Ìdáhùn: Kò tó, àbúrò. Láti 2007 ni wáyà alágbára fólítì 330,000 ti so Ìkẹjà mọ́ Sàkétẹ́. Àmọ́ iná àwọn orílẹ̀-èdè tó bá so pọ̀ gbọ́dọ̀ jọ máa lù bí ìlù, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ amúnáwá ńlá kan bá kú lójijì, ìlù á falẹ̀, òkùnkùn sì lè kárí. Calavi ní láti tètè rí i. Bákan náà, orílẹ̀-èdè tó bá fa iná ju iye àdéhùn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti mọ̀, kí ọ̀rọ̀ owó tó délẹ̀.